Sàká Àgùntàn àti Ìṣirò Àìdọ́gba Alápapọ̀

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ yín a máa bi wá pé: "Kí ni a ó fi ìṣirò àìdọ́gba ṣe nílé?" Ẹni tí ó bá ń sin ẹran ti ń lò ó, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Nínú ìlànà sàká, a máa ń ka àgùntàn àti ewúrẹ́ pọ̀. Bí wọn kò bá tó 40, sàká kò tíì di dandan. Láti 40 dé 120, tí ọdún sì ti yí po lé wọn lórí, ẹyọ kan ni a ó yọ. Láti 121 dé 200, méjì. Láti 201 dé 399, mẹ́ta. Àwọn kan rò pé ẹni tí ó ní 80 yóò yọ méjì, nítorí pé 40 lọ́nà méjì ni. Rárá o, ẹyọ kan náà ni.

Bí a bá pe iye ẹran ní n, a ó kọ ọ́ báyìí:

40 ≤ n ≤ 120

Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀: n kò kéré sí 40, àti pé n kò ju 120 lọ. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá àwọn tí kò bọ́ sí ipò yìí, "tàbí" ni a ó lò: n < 40 tàbí n > 120. Ẹni tí ó bá kọ "àti" síbẹ̀ kò ní rí ẹnì kankan, nítorí kò sí iye tí ó kéré sí 40 tí ó tún ju 120 lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì.

Ọkùnrin kan ní agbo ẹran mẹ́ta tí iye wọn dọ́gba, ó tún so àgbò mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn ilé, gbogbo wọn sì ti pé ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Mélòó ni ó lè wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi yọ ẹyọ kan ṣoṣo? Ẹ jẹ́ kí a pè é ní x:

40 ≤ 3x + 4 ≤ 120

A yọ 4 kúrò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

36 ≤ 3x ≤ 116

A pín wọn sí 3:

12 ≤ x ≤ 38⅔

Ohun tí a bá ṣe sí àárín, dandan ni kí a ṣe é sí òsì àti ọ̀tún.

Ṣùgbọ́n kò sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àgùntàn tí ń jẹ koríko. Nítorí náà, 12 dé 38 ni ìdáhùn. Ẹni tí ó bá sáré sọ 38⅔ di 39 ti ṣìnà: 3 × 39 + 4 = 121. Méjì ni ó di dandan fún un. Bí ó bá yọ ẹyọ kan, ó ti mú àgùntàn aláìní kan mọ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 11 ni, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37, kò sí sàká níbẹ̀; bí ó bá wù ú, kí ó fi ọ̀kan ṣe sàráà.