Ẹ Kọ́kọ́ Kí Ìyá

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìdílé tó ń tọ́jú arúgbó onígbàgbé wá sí ìpàdé ìrànwọ́, ẹ má fi ìwé ìkéde nìkan ránṣẹ́ sí wọn. Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá kò ráyè kàwé. Ẹ lọ bá wọn nílé. Èmi náà tọ́jú ìyá tèmi n'Ìbàdàn títí Ọlọ́run fi gbà wọ́n, mo sì wà lára àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé báyìí, tá à ń pe irú wa jọ.

Àrùn ìgbàgbé kì í ṣe ọjọ́ orí lásán. Àìsàn ọpọlọ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ń ṣe kò tíì di igi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Màá kúnlẹ̀, màá dárúkọ ara mi, màá jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí ojú mi. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń dúró lé ìyá lórí tí wọ́n á máa bi ọmọ pé, "Ṣé wọ́n ti jẹun?" Ìyá ń gbọ́. Wọ́n lè má rántí ọ̀rọ̀ náà títí alẹ́, ṣùgbọ́n àbùkù yẹn á ṣì máa dùn wọ́n.

Mi ò jẹ́ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe rí ni mo máa ń béèrè. Ìyá aláró kan ò mọ orúkọ ọmọ tó ń wẹ̀ wọ́n mọ́. Mo gbé àdìrẹ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ní eérú tí wọ́n lò kò dáa, aró ò mú. Wọ́n wá ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú. Ọmọ wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ò ní dáhùn títí ẹ ó fi kì wọ́n. Bí ẹ bá ti pe Àjọkẹ́ báyìí, wọ́n á gbójú sókè.

Ìlú wa ti mọ ọ̀nà ojúlé dé ojúlé yìí tipẹ́. Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìgbàgbé arúgbó. Wọ́n wọ àdúgbò Ìdíkàn, ilé dé ilé, wọ́n ń wá àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65. Wọ́n bi arúgbó fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè, wọ́n tún bi ìbátan tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àìsàn náà ń mú lọ́dọọdún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò mú ẹrù ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ fúyẹ́.

Olùtọ́jú yìí, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin tàbí ìyàwó ilé, ìbéèrè kan ló máa ń bi mi: "Ta ló máa dúró ti Màmá?" Ìpàdé tí kò bá ní ìdáhùn sí i, olùtọ́jú ò ní wá síbẹ̀. Àwa máa ń ní kí ìyá àti olùtọ́jú jọ wá, ní ọ̀sán, lẹ́yìn wàhálà ìwẹ̀ àárọ̀, ṣáájú ìrọ̀lẹ́ tí ara ìyá kì í balẹ̀. Àwọn àgbà á máa ta ayò, wọ́n á kọrin, wọ́n á ṣa ẹ̀wà. Àwọn ọmọ á sọ ohun tó ń ká wọn lára ní yàrá kejì. Ní Lálúpọn, nítòsí Ìbàdàn, àwọn olùwádìí ti dán ìlànà ìtọ́jú onígbàgbé kan tó ti Britain wá wò, ìpàdé 14, méjì méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 7. Ìjíròrò àti eré ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀gbọ́n tó wà ní London. Òun ló ń fowó ránṣẹ́, orí fóònù ló sì ti ń rí ìyá nígbà tí wọ́n bá wọṣọ tán, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, á ní kò sóhun tó ṣe wọ́n. À ń fi WhatsApp mú un wọ ìpàdé kó lè gbọ́ tẹnu àbúrò. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe ìyá ní àjẹ́ torí pé wọ́n ń rìn lóru, mo máa ń ṣàlàyé fún gbogbo ilé pé ọpọlọ wọn ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́.

Láti 2012 ni UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, ti ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn sí ọ̀pọ̀ ìdílé. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí fún ni yàrá méjì ládùúgbò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ilé ìtọ̀ tó mọ́ nítòsí, àti owó ọkọ̀ fún ẹni méjì.