Omi Orí Òkè àti Àdéhùn Àwọn Àgbẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ọmọ tí ó gbàgbé ilé ni a sábà máa ń fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n lónìí àwa fẹ́ kí ẹ̀yin olùkàwé wa gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ odò gan-an. Ẹni tí ń mu omi a máa gbé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ń ro oko, tí ń sin ẹran, tí ó sì ń gé igi ní orísun omi náà a máa gbé òkè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn. Bí omi bá bàjẹ́, ti ìsàlẹ̀ a fi òfin halẹ̀, ti òkè a sì bèèrè pé kí ni kí òun àti àwọn ọmọ òun jẹ.

Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn òkè Catskill ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ìlú ńlá New York ti ń pọn omi. Ju mílíọ̀nù 8 ènìyàn ni ń gbé ìlú náà. Bí a bá pọn ìkòkò omi 10 níbẹ̀, nǹkan bí 9 ni ó ti àwọn òkè wọ̀nyí àti àfonífojì odò Delaware wá. Òmíràn a rin tó máìlì 125 kí ó tó dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀rọ tí ń fà á, nítorí láti òkè ni ó ti ń ṣàn bọ̀ fúnra rẹ̀ nínú ihò tí a gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé pẹ̀lú ìfẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọdún 1907 sí 1915 ni ìlú New York sé odò Esopus, tí ó sì sọ àfonífojì rẹ̀ di adágún tí à ń pè ní Ashokan. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ni ó fi abúlé wọn sílẹ̀. A wó ilé, a wó ṣọ́ọ̀ṣì, a sì hú òkú tí ó ju 2,000 lọ kúrò nínú sàárè, a kó wọn lọ sin sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí a tún sé àwọn odò mìíràn, títí ó fi di àwọn ọdún 1960. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú oórì baba ẹni jẹ́ kò ní bèèrè ìdí tí àwọn ará òkè náà kò fi fọkàn tán ìlú ńlá yìí.

Ní 1989 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ìlú tí ó bá ń mu omi odò tàbí ti adágún gbọ́dọ̀ kọ́ ilé tí a ó ti máa sẹ́ omi náà, àfi bí ó bá lè fi hàn pé omi òun mọ́ láti orísun wá. Wọ́n ṣírò iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò ná New York, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù 6 dọ́là, láìka owó tí yóò máa jẹ lọ́dọọdún. Àwọn aláṣẹ ìlú gbé ojú wọn sókè wo òkè.

Ewu tí ó wà lórí òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kòkòrò kan ń bẹ tí ojú kò lè rí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Cryptosporidium, tí ó fẹ́ràn ìfun ọmọ màlúù kékeré. Inú ìgbẹ́ ni ó ń bá jáde, òjò a sì gbá a lọ sínú odò. Oògùn tí a ń dà sínú omi ẹ̀rọ kì í tètè pa á. Ní 1993 ó wọ inú omi ìlú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà kan náà, ó sì fi ìgbẹ́ gbuuru ṣe nǹkan bí 400,000 ènìyàn. Àwọn kan tí ara wọn kò le tẹ́lẹ̀ kú. Omi tí a ti sẹ́ sì ni omi Milwaukee! (Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi èyí sọ́kàn: omi tí ó bá hó dáadáa lórí iná, kòkòrò yìí kò lè yè nínú rẹ̀.)

Ní 1990 ni àwọn aláṣẹ gbé àbá òfin jáde láti ká àgbẹ̀ lọ́wọ́ kò lórí bí wọn yóò ti máa da ilẹ̀dú ẹran sí oko tí ó súnmọ́ odò. Àwọn àgbẹ̀ kà á, inú sì bí wọn. Àfonífojì tóóró ni wọ́n ń gbé, odò sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí a bá yọ ẹ̀gbẹ́ odò kúrò, ilẹ̀ títẹ́jú wo ni ó kù?

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀, kí a wo ibi tí ipá mú irú ọ̀ràn yìí dé ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa. Ní Tanzania, tí à ń pè ní Tanganyika nígbà náà, ni òkè Uluguru wà, níbi tí odò Ruvu tí Dar es Salaam ń mu ti ń ṣàn wá. Láti 1950 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ pé kí wọ́n máa gé ara òkè bí àtẹ̀gùn, kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Èrò náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọlọ́ràá kò nípọn níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń gé òkè ni ilẹ̀ tí kò lè hu nǹkan ń jáde sókè. Ní 1955 àwọn ènìyàn dìde, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ìjọba sì pa ètò náà tì.

Àwọn ará New York kò jẹ́ kí tiwọn dé bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá àgbẹ̀ jókòó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì dé orí àdéhùn. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn yóò ní ìgbìmọ̀ (ọdún 1993 ni ó fìdí múlẹ̀). Ẹni tí ó bá fẹ́ nìkan ni yóò wọ inú rẹ̀. Ìlú ni yóò sì san owó iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún 5, àgbẹ̀ 85 nínú 100 gbọ́dọ̀ ti wọlé. Iye náà pé, ó sì lé.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti yé àgbẹ̀. Olùkọ́ni kan a wá sí oko, òun àti olóko a jọ rin ilẹ̀ náà já. Wọn a wo ibi tí màlúù ti ń mu omi. Wọn a ṣọgbà sí ẹ̀gbẹ́ odò, wọn a sì gbé ọpọ́n ìmumi sí inú pápá, kí ẹran má baà máa wọ odò mọ́. Níbi tí ẹran ti ní láti kọjá, wọn a kan afárá. A kọ́ ilé gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún àwọn ọmọ màlúù, nítorí ọmọ màlúù tí ara rẹ̀ le kì í da kòkòrò púpọ̀ sílẹ̀. Olóko tí kò bìkítà nípa omi New York pàápàá yọ̀ sí èyí, torí ọmọ ẹran rẹ̀ kò kú mọ́. A kọ́ ibi tí a ó máa kó ìgbẹ́ ẹran pamọ́ sí títí di àkókò tí irúgbìn yóò lè lò ó. Láti 1998 ni a sì ti ń san owó lọ́dọọdún fún àgbẹ̀ tí ó bá jẹ́ kí igi hù ní ẹ̀gbẹ́ odò rẹ̀. À bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é ní ìṣákọ́lẹ̀ tí odò ń san fún olóko.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1997 ni àwọn ìlú kéékèèké orí òkè náà fi ọwọ́ sí àdéhùn tiwọn. New York yóò máa tún kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ṣe. Bí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ tà nìkan ni yóò ti rà á, ní iye tí ó tọ́. Ní 2017 ìjọba tún gba ìlú náà láàyè fún ọdún 10 kí ó má sẹ́ omi òkè wọ̀nyí.

Gbogbo rẹ̀ kò dùn bí oyin. Àwọn ará òkè ń ráhùn pé ilẹ̀ tí ìlú ń rà ń mú kí ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́. Àdéhùn kan kò sì lè gba àgbẹ̀ là lọ́wọ́ ọjà tí wàrà kò tà dáadáa sí. Bí òjò ńlá bá rọ̀, amọ̀ ìsàlẹ̀ odò Esopus a sì rú sókè síbẹ̀, nítorí bí Ọlọ́run ti dá ilẹ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Nísinsin yìí ẹ jẹ́ kí a wálé. Ní àdúgbò Ìgèdè, láàrin àwọn òkè Èkìtì, ni odò Ọ̀ṣun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá ní Òṣogbo, a sì sé e ní Asejire kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Láti ọdún bí mélòó kan ni àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi náà di àwọ̀ amọ̀. Ẹni tí ó ń wa wúrà ń wá oúnjẹ. Olóko ń wá oúnjẹ. Ẹni tí ó ṣí ẹ̀rọ omi ní Ìbàdàn ń wá ohun tí yóò fi po ẹ̀kọ fún ọmọ. Lójú tiwa, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó yẹ kí ó jókòó sórí àga kan náà kí a tó rán ọlọ́pàá sí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Kí ìpàdé náà tó wáyé, olóko tí ilẹ̀ rẹ̀ kan odò lè ṣe nǹkan wọ̀nyí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Kí ó fi igbó ẹ̀gbẹ́ odò sílẹ̀, má sì ṣe ro ó dé etí omi. Kí ó kọ aporo rẹ̀ ní ìbú òkè, kì í ṣe láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí omi òjò lè dúró kí ilẹ̀ mu ún. Kí ó má ṣe fọ ìgò tàbí ike oògùn apakòríko nínú odò. Inú oko ni kí ó ti fọ̀ ọ́. Bí ó bá sì ní ẹran, kí ó so wọ́n jìnnà sí ibi tí àwọn aya ilé ti ń pọn omi.