Ta Ló Ni Ojú Títì? Ẹjọ́ Àwọn Olóúnjẹ Ìlú New York

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ ojú títì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun létí ọlọ́jà. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: lónìí a gbé àga kan síta, lọ́la a fi tábìlì kún un, kó tó di oṣù mẹ́ta a ti kan pákó, a ti fi páànù bò ó. Ẹni tó ń kọjá á máa kùn, oníṣọ́ọ̀bù á ní oúnjẹ òòjọ́ òun lòun ń wá. Lóṣù yìí, a fẹ́ ròyìn bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí ní ìlú New York, ní Amẹ́ríkà, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ohun àjọni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kóróná ń jà níbẹ̀, ìjọba pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó jẹun nínú ilé oúnjẹ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun, kó rà á lọ sílé. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń san owó ilé, tó tún gba òṣìṣẹ́? Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Bill de Blasio, olórí ìjọba ìlú nígbà náà, gba àwọn olóúnjẹ láyè láti gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé mọ́tò wọn sí tẹ́lẹ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn fún àyè náà. Ilé oúnjẹ tó lé ní 12,000 ló wọ inú ètò yìí, ìjọba ìlú sì sọ pé ó gba iṣẹ́ èèyàn bí 100,000 là.

Nígbà tí òtútù dé, tábìlì nìkan ò tó mọ́. Wọ́n fi pákó ṣe ògiri, wọ́n kan òrùlé, wọ́n fa iná sí i. Àwọn kan ṣe tiwọn lẹ́wà, wọ́n gbin òdòdó sí i. Ti àwọn mìíràn ò yàtọ̀ sí àkísà.

Ta ló jàre?

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò. Àwọn tó ń gbé lókè ilé oúnjẹ ní ariwo kò jẹ́ kí àwọn sùn. Wọ́n ní ekúté ń bí sábẹ́ pákó, mọ́tò tó ń gbá títì kò ráyè gbá ibẹ̀, ọ̀nà sì há fún àwọn panápaná. Àwọn ilé oúnjẹ kan tiẹ̀ ti kógbá sílé, àgọ́ wọn ṣì wà lójú títì tó ń jẹrà. Ní ọdún 2021, àwọn aládùúgbò kan gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn olóúnjẹ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní, ibi tí mọ́tò ẹnìkan ṣoṣo máa wà látàárọ̀ dalẹ́, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ogún èèyàn ti lè jẹun, kí òṣìṣẹ́ sì rí owó gbà? Ní ti ekúté ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni tó kan àgọ́ ni ìlú náà ti ń kó àpò ìdọ̀tí sí etí títì lálaalẹ́.

Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa náà, kò lè sùn.

Òfin dé, ẹrù wúwo

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Eric Adams, tó gbapò lọ́wọ́ de Blasio, fọwọ́ sí òfin tuntun. Òfin náà ní kí tábìlì wà lójú títì láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, kí wọ́n sì tú u kúrò nígbà òtútù. Àgọ́ tí a dí pa kò sí mọ́. Ìwé àṣẹ ọdún mẹ́rin jẹ́ 1,050 dọ́là, owó àyè ọdọọdún sì wà lọ́tọ̀, láti dọ́là 5 sí 25 lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóòró, gẹ́gẹ́ bí àdúgbò bá ṣe wọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àyè tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní ìbú, 20 ní òró, jẹ́ 160. Níbi tó pọ̀ jù, owó rẹ̀ lọ́dún á jẹ́ 4,000 dọ́là. Níbi tó kéré jù, 800. Ẹ wá fi owó káfíńtà kún un, àti owó ibi tí wọ́n máa kó pákó sí nígbà òtútù. Ilé oúnjẹ ńlá lè gbé e. Ìyá olóúnjẹ tó ní tábìlì mẹ́rin ńkọ́? Nígbà tí gbèdéke ìwé àṣẹ pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nǹkan bí 3,000 péré ló béèrè. Àdúgbò rí oorun sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ló pa dà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n pín ohun àjọni láìsí àdéhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ohun tí wọ́n yá èèyàn nítorí ìṣòro wá dà bí ogún bàbá rẹ̀. Ìkejì, nígbà tí òfin dé, wọ́n gbé e ga kọjá ibi tí ọwọ́ tálákà lè tó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ oògùn méjèèjì: a máa ń kọ àdéhùn kí owó tó jáde, a sì máa ń fi ìdá sí iye tí ẹni tó kéré jù lè san.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé tábìlì síta nínú wa, kó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́dọ̀ kánsù, kó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, kó gbá iwájú rẹ̀ lálaalẹ́, kó sì bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí aládùúgbò tó lọ pe wolé-wolé. Ẹ̀yin aṣáájú ọjà náà, bí ẹ bá ń bu owó àyè, ẹ rántí alátẹ kékeré. Gbogbo wa la ni títì.

Ọjà á tà o.