Rẹ́gúlétọ̀ Tí Kò Ní Oníbàárà

Ẹni tí ó bá ń gbé Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí à ń pè ní sítébíláísà. Iná mọ̀nàmọ́ná tí ó yẹ kí ó jẹ́ 230 fólítì lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fíríìjì kò fi ní lè ṣiṣẹ́. Ó sì lè ga lójijì kí ó ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́. Sítébíláísà ni ó ń ṣe alárinà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé inú kọ̀ǹpútà kékeré, irú èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ ìwọnǹkan, ní irú alárinà bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Rẹ́gúlétọ̀ ni orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo pátákó kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní BeagleBone Black. 5 fólítì ni à ń fún un láti ìta, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò lè gbà tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí fólítì kan àti díẹ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà yòókù ń fẹ́ 3.3. Ẹyọ ìṣẹ́pọ̀ kan, TPS65217, ni ó ń pín in fún wọn. Nínú fáìlì tí ó ń júwe pátákó náà fún kernel, èyí tí í ṣe ọkàn ètò Linux, a kọ ọ́ pé iná ọpọlọ kò gbọdọ̀ dín ní 925000, kò sì gbọdọ̀ ju 1351500 lọ. Máíkíròfólítì ni iye wọ̀nyí. Mílíọ̀nù kan rẹ̀ ni fólítì kan. Ẹni tí ó bá fi ààlà òkè sí ibi tí kò yẹ ti ṣí ilẹ̀kùn fún iná tí ó lè jó ọpọlọ náà.

Ọdún 2008 ni ètò yìí wọ inú Linux, ní ẹ̀dà 2.6.27. Liam Girdwood àti Mark Brown, tí wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ Wolfson ní Edinburgh nígbà náà, wà lára àwọn tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ẹ̀yà tí ó ń lo iná ni oníbàárà: òun ni yóò béèrè. Ẹni tí ó ṣe pátákó ni ó ń pa ààlà. Rẹ́gúlétọ̀ tí oníbàárà kankan kò béèrè ńkọ́? Kernel yóò pa á. Nínú àwọn ẹ̀dà àìpẹ́ yìí, yóò dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ó bá ti jí tán, kí ó tó pa á. Ibí ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

A ṣe pátákó kan ní Àkúrẹ́ tí yóò máa ṣọ́ fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò láàárín 2 sí 8 dígírì Celsius. Ní Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta láìṣẹ̀. Ní Oǹdó, ó ka ìwọ̀n otútù díẹ̀, ó sì dákẹ́. Èmi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: iná Oǹdó ni. A ra sítébíláísà tuntun. Ó tún dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó ń tọ́jú fíríìjì náà ni ó là mí lójú. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Mo ti fi aago ọwọ́ mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Bákan náà ni àkókò tí ó fi ń dákẹ́. Iná tiwa ńbí kò mọ aago.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ní Àkúrẹ́, a ti fi ọ̀rọ̀ kan, regulator_ignore_unused, sára àṣẹ tí ó ń jí kernel. Ó ń kìlọ̀ fún un kí ó má pa rẹ́gúlétọ̀ kankan. Nígbà tí à ń múra ìrìn-àjò, mo yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ti ìdánwò lásán ni. Ètò wa sì ń bá ẹ̀yà tí ó ń wọn otútù sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn odi kernel, nítorí náà kernel kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń lo iná rẹ̀. Mo ti kọ regulator-boot-on sí fáìlì, mo rò pé ó ti tó. Kò tó: ohun tí ó ń sọ kò ju pé iná náà ti wà ní títàn nígbà tí kernel jí.

Regulator-always-on ìbá tán ìṣòro náà ní ìlà kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ó ní láti fi bátìrì gbé òru. Iná tí kò ṣeé pa ń jẹ bátìrì lásán. A kọ ẹ̀yà náà sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, a fi orúkọ rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ sí i, a sì jẹ́ kí kernel fúnra rẹ̀ máa ka otútù náà.

Ẹ̀rọ náà kò dákẹ́ mọ́. Sítébíláísà tí a rà ṣì wà lẹ́yìn fíríìjì náà ní Oǹdó; fíríìjì nílò rẹ̀ ní tirẹ̀.