Kì í ṣe kúkà ló bàjẹ́, ẹ wo ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé

Ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n pè mí síbi ìkómọ. Màmá tó ni ilé ti gbé ọbẹ̀ ka orí kúkà induction, irú kékeré tí wọ́n ń gbé sórí kántà, tí wọ́n sì ń ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọbẹ̀ ò tíì hó tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, píì. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan yọ lójú ẹ̀, ó bá kú. Wọ́n tún un tàn, ó tún ké. Màmá pariwo, wọ́n ní, "Ha! Òkú ọjà ni wọ́n tà fún mi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta o!" Ọmọkùnrin wọn ti mú sukudíráfà, ó ní òun fẹ́ tú u wò.

Mo ní, "Àbúrò, dúró ná. Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé tó bá ẹ̀rọ yìí wá dà?" Wọ́n wá a jáde, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ìwé sọ ni pé àmì yẹn túmọ̀ sí pé fóltéèjì tó ń wọlé kò tó. Ẹ̀rọ ò kú. Ó ń pariwo pé iná tí wọ́n ń fún òun ò yó òun ni.

Kí n tó sọ ohun táa rí nídìí ẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí bí kúkà oníná ṣe ń pọ̀ sí i ládùúgbò yìí. Gáàsì ni wọ́n fi mọ Old Kent Road látijọ́. Egungun irin àgbá gáàsì ńlá tí wọ́n kọ́ láàárín 1879 sí 1881 ṣì wà níbẹ̀ táa ń wò ó. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn tí iná jó Grenfell Tower, káńsù Southwark pa gáàsì nínú ilé gogoro mẹ́rin ní Ledbury Estate, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road. Ẹ̀rù bà wọ́n pé bí gáàsì bá bú, ilé lè ya lulẹ̀, bí ti Ronan Point ṣe ya ní 1968, tí èèyàn mẹ́rin kú. Ẹni tó ń fi gáàsì se ọbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan ló wá di ẹni tó ń wá kúkà oníná. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun tó ń dìde lójú ọ̀nà yẹn náà, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń dáná níbẹ̀. Ó yẹ ká mọ ìwà ẹ̀.

Àwa tí a dàgbà lọ́wọ́ NEPA mọ iná tó wálẹ̀. Gílóòbù á pọ́n bí ojú ológbò, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń tòògbé. Kúkà induction ò ní dúró de ìyẹn. Wáyà bàbà tí wọ́n ká roboto ló wà lábẹ́ dígí ẹ̀. Iná ń lọ ń bọ̀ nínú wáyà yìí ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń mú ìdí ìkòkò gbóná. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń ṣọ́ fóltéèjì. Bó bá wálẹ̀ ju ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, á pa ara ẹ̀ kí ẹ̀rọ má bàa jóná.

Ní ìlú ọba níbí, 230 fóltì ni wọ́n kéde láti 1995. Òfin ò gbà kí iná tó dé ẹnu mítà yín wálẹ̀ ju 216.2, kò sì gbọdọ̀ ga ju 253. Bí kúkà bá wá ń sọ pé iná ò tó, a jẹ́ pé ó ń dín kù níbì kan lójú ọ̀nà.

Ó yá, kí la rí nílé màmá? Extension kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn kántà. Kúkà wà lórí ẹ̀, kẹ́tù náà wà lórí ẹ̀. Kúkà ń jẹ 2,000 wáàtì, kẹ́tù ń jẹ 3,000. Púlọ́ọ̀gì 13 áńpù kan ò sì gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bíi 3,000 lọ lápapọ̀. Ẹ má sọ pé fíùsì á jó o. Fíùsì 13 lè gbé 20 áńpù fún àkókò gígùn kó tó jó, wáyà á sì ti gbóná. Ihò tí kúkà wà nínú extension náà ti tú, ìdí ẹ̀ sì ti pọ́n bíi búrẹ́dì tó jóná.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Iná tó sọnù lójú ọ̀nà ò lọ sọ́run, ó ń di ooru níbi tó ti sọnù ni. Bí ojú ibi tó tú bá gba fóltì 9 péré lọ́wọ́ kúkà 2,000 wáàtì, ooru tó ń jáde níbẹ̀ á tó ti gílóòbù àtijọ́ 75 wáàtì, nínú ike kékeré, lẹ́yìn kántà! Fóltì 9 nìkan kì í sì í sáábà tó láti pa kúkà. Tó bá wá ké, ohun tó ń sọnù lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, báyìí ni kí ẹ ṣe o. Èkíní, ẹ pa kúkà, ẹ yọ ọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Bí àmì bá lọ tí kò padà wá, iná ló kàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Èkejì, ẹ wo gílóòbù ilé, kí ẹ bi aládùúgbò. Bí tiwọn náà bá ń pọ́n, iná òde ni. Ẹ pe 105, ọ̀fẹ́ ni, á so yín mọ́ ilé iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò.

Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ tiyín nìkan, ẹ yọ kẹ́tù, ẹ yọ ẹ̀rọ díndín, ẹ yọ extension. Ẹ ki kúkà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ní tààrà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná. Bó bá gbóná janjan, tó dúdú, tàbí tí òórùn bíi ti ẹja ń jáde níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti se ẹja, ike ló ń jó. Ẹ má lò ó mọ́.

Àwọn tí kúkà wọn wà nínú kántà, tó ń jẹ 7,000 wáàtì, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí. Wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀ ló nílò. Ẹ sọ fún un pé kó wọn fóltéèjì nígbà tí kúkà ń ṣiṣẹ́, torí ojú tó tú lè fi 240 hàn nígbà tí kò sí ẹrù lórí ẹ̀. Kó tún wo irin pẹlẹbẹ tó so àwọn ojú wáyà pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ní Jámánì, wáyà iná méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn. Níbí, ọ̀kan ni. Bí wọ́n bá gbàgbé irin yẹn, apá kan kúkà ò ní rí iná. Bí gbogbo ìyẹn bá pé tí àmì ò lọ, ìgbà yẹn la tó lè sọ pé inú ẹ̀rọ ló wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé lándílọ́ọ̀dù, láti 2020 ni òfin England ti sọ pé kó máa yẹ iná ilé wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kó sì fún yín ní ìwé ẹ̀. Ẹ bèèrè é.

Nǹkan kan tún wà tó ń dà wá láàmú. Ìkòkò alumíníọ̀mù táa gbé wá láti ilé ò bá ọ̀pọ̀ kúkà yìí lò. Á gbé àmì tiẹ̀ jáde, ẹ̀yin á ní iná ò tó. Ẹ mú òòfà tó ń lẹ mọ́ ara fíríìjì, ẹ fi kan ìdí ìkòkò. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó dáa.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi irú kúkà yìí ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ nílé, kó rántí bí iná ṣe ń wálẹ̀ lálẹ́ lọ́hùn-ún. Kó fi sítábíláísà tó ju agbára kúkà lọ tẹ̀lé e. Sítábíláísà tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé e.

Ọmọkùnrin màmá ṣì di sukudíráfà mú. Mo ní kó má tú u, torí iná ṣì máa ń pamọ́ sínú àwọn ẹ̀yà kan lẹ́yìn tí a bá yọ púlọ́ọ̀gì. Extension la sọ dànù. Ọlọ́run yọ wá, púlọ́ọ̀gì kúkà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ò tíì fara gbà á. A ki kúkà bọ ara ògiri, ọbẹ̀ hó, a jẹun, a sọ ọmọ lórúkọ.

Màmá ní, "Èmi tí mo fẹ́ lọ bá ẹni tó tà á fún mi jà!" Mo ní, "Màmá, kúkà yẹn ló gba ilé yín là o."

Ire o. Ó di ọjọ́ mìíràn.