Èwo Gan-an Ni Fídíò Blog Nínú Àwọn Fídíò Wa?



Ní ìpàdé wa kan, àwọn ọ̀dọ́ ní kí ẹgbẹ́ yọ owó sílẹ̀ fún fídíò blog. Àgbà kan fèsì pé owó kí ni, ṣebí fídíò kún ọwọ́ wa: ti ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, ti àsè ọdọọdún. Àríyànjiyàn yẹn gba wákàtí kan, ó sì kú síbẹ̀. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba ṣe àlàyé sínú ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ náà "weblog" bẹ̀rẹ̀ ní 1997, Jorn Barger ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1999, Peter Merholz gé e kúrú sí "blog". "Log" inú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba. Gbogbo dírẹ́bà wa ló ní ìwé logbook: ọjọ́ tó jáde, ibi tó lọ, ẹni tó gbé, iye kìlómítà tó rìn, yóò sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá á pè é. Ìwé yẹn náà ni fídíò blog. Àwòrán àti ohùn ló rọ́pò bírò. Ẹni kan tí a mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ara rẹ̀, lóòrèkóòrè, tí ọjọ́ sì hàn lára rẹ̀. Àwọn tó ń wò ó lè fèsì, òun náà á sì dá wọn lóhùn.

Àwọn eré kéékèèké tí Mark Angel ń ṣe láti Port Harcourt, tí àwọn ọmọ wa ń rẹ́rìn-ín sí lórí fóònù, eré orí ìtàgé ni mo pè é. Ọmọ Hotel de Jordan ni, èyí tí tẹlifíṣọ̀n Ìbìní níbí máa ń gbé jáde láyé ọdún 1970. Fídíò àkọ́kọ́ lórí YouTube ńkọ́, ti 23 April 2005, níbi tí Jawed Karim ti dúró níwájú àwọn erin fún ìṣẹ́jú àáyá 19? Ọmọ mi ní fídíò blog ni. Mo ní ojú ewé kan ṣoṣo kì í ṣe logbook. A kò tíì parí ìyẹn nílé wa.

Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni ti Peter Oakley, ará Ìlú Ọba tí wọ́n bí ní 1927. Ní August 2006, bàbá yìí jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nílé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn ayé rẹ̀: ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Kò sí olórin, kò sí aṣọ ẹbí. Kí oṣù náà tó parí, kò sẹ́ni tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti máa wò ó pọ̀ tó tirẹ̀ lórí YouTube. Ó ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2014 ló kú.

Àwa náà ní bàbá bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ Ìbìní nígbà tí ìlú yìí ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn, kó tó di 1963 tí wọ́n dá Mid-West sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe di ẹrù padà sí Ìbàdàn lọ́dún náà, àti ìdí tí àwọn fi dúró. Nígbà tí wọ́n kú, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní London ní ká fi ohùn bàbá òun ránṣẹ́. A tú gbogbo fídíò ẹgbẹ́ wò. Ijó ni bàbá ń jó nínú gbogbo rẹ̀, tí a ń ná wọn lówó, tí ariwo olórin sì bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni ẹnu wọn ti ń mì, a kò gbọ́ nǹkan kan.

Owó tí àwọn ọ̀dọ́ béèrè kò tó èyí tí a ń san fún oní-fídíò nínú àsè kan. Fóònù kan ni wọ́n fẹ́ lò, àgbà kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá wa àgbà ti gbà láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká wá lọ́jọ́ Sátidé, kí á má sì mú olórin kankan dání.