Ibà Pọ́njú: Àrùn Tí Ẹ̀fọn Ọ̀sán Ń Gbé Kiri

Òru ni ẹ̀fọn tó ń kó ibà lásán ràn wá máa ń jẹni. Ti ibà pọ́njú kì í dúró dòru: ojúmọmọ ló ń jẹni. Aedes aegypti ni orúkọ rẹ̀. Ó dúdú, ilà funfun sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin tó fẹ́ yé.

BÓ ṢE Ń RÀN
Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí fáírọ́ọ̀sì ibà yìí wà lára rẹ̀, ó di bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó lè kó o ran ẹlòmíràn, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá dé inú itọ́ rẹ̀. Nínú igbó, ara ọ̀bọ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbé. Ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tí ẹ̀fọn bá jẹ níbẹ̀ lè gbé e wọ̀lú.

ÀMÌ RẸ̀
Láàárín ọjọ́ 3 sí 6 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá ti kó o ranni, ibà, orí fífọ́, ẹ̀yìn ríro àti èébì á bẹ̀rẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ á yá. Ní ti àwọn díẹ̀, àìsàn á tún padà: ẹyinjú á pọ́n rúsúrúsú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde lẹ́nu àti nímú. Nǹkan bí ìdajì irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ń kú.

ỌDÚN MÁNIGBÀGBÉ
1881: Carlos Finlay, dókítà ará Kúbà, ní ẹ̀fọn ló ń gbé e.
1900: Walter Reed, dókítà ológun Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní Kúbà.
1925: Àwọn olùwádìí Rockefeller Foundation, àjọ kan láti Amẹ́ríkà, dé Èkó nítorí àrùn yìí, Yábàá ni wọ́n fi ṣe ibùdó.
1927: Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi, ará Gold Coast (Ghana òde òní). Asibi yè é; Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí, kò yè é. Èkó ló kú sí.
1937: Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951.
2004: Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ náà kún ti ọmọ oṣù 9.
2017: Àrùn náà tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara.

ÌDÈNÀ
Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Kí arìnrìn-àjò gbà á, ó kéré tán, ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn-àjò.

Ẹ dé ìkòkò àti dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sínú taya àti agolo. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni ẹyin ẹ̀fọn yìí ń lẹ̀ mọ́, ó sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù mélòó kan kó tó pa nígbà tí omi bá tún kàn án. Nítorí náà, bí ẹ bá da omi nù, ẹ fi kànìnkànìn fọ inú ìkòkò náà dáadáa.